Ẹ Gbé Wáyà Náà Sẹ́yìn

Tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn obìnrin aránṣọ náà nígbà tí wọ́n fi àga onítáyà tì í wọ yàrá ẹ̀rọ ọkàn. Abẹ́rẹ́ méjì ṣì wà ní kọ́là aṣọ rẹ̀. Òógùn tútù bò ó níwájú orí, bẹ́ẹ̀ sì ni fáànù ń fẹ́, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí," ó sọ fún nọ́ọ̀sì tó tì í wọlé. "Láàárín èjìká méjèèjì. Ó tún wá ń fà mí ní àgbọ̀n. Mo rò pé ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ni. Aṣọ iléèwé ni mo ti ń rán láti ọjọ́ márùn-ún, mi ò sì sinmi."

Nọ́ọ̀sì ràn án lọ́wọ́ dé orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni méjì ló wà nínú yàrá náà. Ọ̀kan ni obìnrin tí gbogbo ọsibítù ń pè ní Ìyá Oníwáyà. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń so wáyà ẹ̀rọ náà mọ́ àyà èèyàn, tí ẹ̀rọ á sì máa ya bí ọkàn wọn ṣe ń lù sórí bébà gígùn tó kún fún ilé kéékèèké bí ìwé ìṣirò. Èkejì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tó wà ní kíláàsì àṣejáde ní iléèwé girama. Ọmọ yìí ní orúkọ o, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é? Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, ohunkóhun tí èèyàn bá bá a sọ, ìdáhùn rẹ̀ ni, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bí wọ́n bá ní kó lọ sùn torí pé ilẹ̀ ti ṣú, á kọ́kọ́ jáde lọ wo ojú sánmà ná. Ni wọ́n bá kúkú sọ ọ́ ní Ṣébẹ́ẹ̀ni.

Iléèwé ti gba ìsinmi, ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ sì ti lọ bímọ. Ọ̀gá wọn ló ní kí ọmọ náà máa wá bá wọn to fáìlì, kó sì máa nu jẹ́lì yíyọ̀ tí wọ́n ń fi so wáyà mọ́ ara kúrò. Ìyá rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bá a ṣàdéhùn.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ó wí. "Ọwọ́ rẹ ni mo gbà síṣẹ́, mi ò gba ẹnu rẹ. Bí dókítà bá ti wọlé, kí o di ògiri."

"Mo ti gbọ́, Màámi."

Lóòótọ́ ló gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò bá ojú ṣàdéhùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Ṣébẹ́ẹ̀ni ti wo bébà ọkàn tó lé ní irínwó. Ìyá rẹ̀ náà, tó máa ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ ìyọnu, kì í lè pa á mọ́ra bí ọmọ bá bi í léèrè nídìí oúnjẹ ọ̀sán.

"Ilé ni kí o kà á sí," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ọkàn ni ilé yẹn. Wáyà kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tó dúró lójú fèrèsé kan tó ń yọjú wòlé. Àwọn kan ń wò ó láti ìsàlẹ̀, àwọn kan láti ẹ̀gbẹ́ òsì, àwọn kan láti iwájú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mẹ́ta ló ń bọ́ ilé náà. Bí ọ̀kan bá dí pátápátá, apá ibi tó ń bọ́ á fi igbe ta, ẹni tó wà lójú fèrèsé ibẹ̀ á sì gbọ́. Lórí bébà, ìlà tó yẹ kó tẹ́jú á gbéra sókè bí òkè. Fèrèsé tí o bá ti rí òkè náà, apá ibẹ̀ ni iṣan ti dí."

"Ta ló wá dúró sí ẹ̀yìn ilé?"

Ìyá rẹ̀ dá oúnjẹ dúró lẹ́nu. "Kò sẹ́nì kankan. Àfi tí èèyàn bá dìídì gbé wáyà lọ sẹ́yìn. Àwọn tó wà níwájú máa ń gbúròó ẹ̀yìn o, ṣùgbọ́n òdì ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Ohun tó bá gòkè lẹ́yìn, kòtò ló máa dà lójú tiwọn."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Jẹun rẹ, jàre."

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Ìyá Oníwáyà so wáyà mẹ́rin mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aránṣọ náà, ó fi ife rọ́bà lẹ wáyà mẹ́fà mọ́ àyà rẹ̀, ó sì tẹ ẹ̀rọ. Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣébẹ́ẹ̀ni já a, bó sì ti fẹ́ gbé e fún ìyá rẹ̀ ni ojú rẹ̀ bá a pàdé. Ní àwọn fèrèsé iwájú, kò sí òkè rárá. Kòtò ló wà níbẹ̀, mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ, kòtò tó tẹ́ nísàlẹ̀ bí ẹni fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ. Ìlà tó yẹ kó kúrú níbẹ̀ sì wá nà ró gangan.

Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí bébà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e lé orí tábìlì.

Dókítà wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní Dókítà Kíákíá, torí pé bó ṣe ń wọlé níbí ló ti ń jáde lọ́hùn-ún. Kì í ṣe ìkà èèyàn o. Láti ọ̀sán àná ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n, èèyàn bí ogójì sì ń dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì níta. Ó gbé bébà náà, ó sáré wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kò sí èyí tó gòkè," ó ní. "Èyí tó gòkè là ń wá. Èyí tó wálẹ̀ yìí ò tó nǹkan, iṣẹ́ àṣejù lè fà á. Mà, afẹ́fẹ́ ló kún inú yín. Ẹ lọ gba oògùn inú, ẹ lọ sùn dáadáa. Tí kò bá lọ, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ ṣé, Dókítà," aránṣọ náà wí. Ó ti fẹ́ máa dìde.

Dókítà mú bébà náà dání, ó jáde. Ìyá Oníwáyà bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà. Ṣébẹ́ẹ̀ni wo ìyá rẹ̀, ìyá ò wò ó. Ọmọ náà bá ju aṣọ ìnuwáyà sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró. Kòtò inú bébà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn. Tí wọ́n bá gbé wáyà sẹ́yìn rẹ̀..."

"Ta ni ìwọ?"

"Ọmọ Ìyá Oníwáyà ni mí, sà."

"Kíláàsì wo lo wà?"

"Kíláàsì àṣejáde, sà."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Dókítà àṣejáde! Lọ bá màmá rẹ to fáìlì."

Bó ti fẹ́ máa lọ ni Ṣébẹ́ẹ̀ni já bébà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i bìrí: èyí tó wà lókè wá sísàlẹ̀, ojú bébà kọjú sí gíláàsì. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn là á kọjá, ìlà náà sì hàn kedere láti ẹ̀yìn. Gbogbo kòtò náà ti di òkè, mẹ́ta lẹ́sẹẹsẹ.

"Ẹ wò ó, sà! Ẹ wò ó báyìí!"

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ tí wọ́n ti já bébà gbà ni dókítà ń wò. Kò wo fèrèsé. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wo àwọn méjèèjì.

"Tó o bá tún la ẹnu yẹn," ó rọra sọ ọ́, "màmá rẹ ló máa lọ ṣàlàyé rẹ lọ́fíìsì ọ̀gá àgbà." Ó gba bébà rẹ̀. Wọ́n ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní yàrá kẹta, ló bá lọ.

Ṣébẹ́ẹ̀ni dúró níbẹ̀, etí rẹ̀ ń gbóná. Ó lè dákẹ́. Ó ti ṣe tirẹ̀, àbí? Ta ló máa bi í? Ṣùgbọ́n ó padà sí yàrá, ó sì bá aránṣọ náà tó ń wá bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má lọ."

"Ṣébẹ́ẹ̀ni!" ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. "Kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

"Mi ò kúrò."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyá rẹ̀ rí láyé. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, ó sì ya àwọn méjèèjì lẹ́nu.

"Màámi, ẹ sọ pé irọ́ ni ojú mi ń pa. Ẹ sọ pé mi ò rí ohun tí mo rí, mà á kúrò."

Ìyá náà dì mọ́ ìdìpọ̀ wáyà bí ẹni di ọmọ mú. "Mo rí i," ó wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ lọ. "Kí ìwọ tó já a kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ni mo ti rí i."

"Ẹ wá dákẹ́?"

"Ọdún mọ́kànlélógún! Èmi ni mo ń yà á, àwọn ló ń kà á. Ẹni tó ń yà á kì í kà á, òfin ibí nìyẹn. Obìnrin kan wà níbí tó ka tirẹ̀ jáde. Stọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n jù ú sí, ibẹ̀ ló ti ń ka páálí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kí lo rò pé mo fi ń bọ́ ọ?"

Aránṣọ náà ti gbàgbé bàtà. Àwọ̀ ojú rẹ̀ ti dà bí eérú. "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ṣé ọ̀rọ̀ tèmi lẹ ń sọ yìí?"

Ó wo ìyá, ó wo ọmọ.

"Ó dáa. Bí mo bá rán aṣọ tán, inú rẹ̀ ni mo máa ń yí síta wò, torí ibẹ̀ ni òwú ti ń já tí èèyàn ò fi ní mọ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn mi ló kù tẹ́ ẹ ò tíì wò, ẹ bá mi wò ó. Ẹ jọ̀ọ́. Mo láwọn ọmọ nílé."

Ìyá Oníwáyà wò ó. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà tó rin gbingbin fún òógùn. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ dà, Mà," ó ní. "Ṣébẹ́ẹ̀ni, gbé jẹ́lì wá. Tí o bá ti lè dènà, o lè ṣiṣẹ́."

Ó tún so wáyà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ife rọ́bà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn ló gbé wọn sí: ọ̀kan lẹ́yìn abíyá òsì, ọ̀kan lábẹ́ ṣóńṣó egungun èjìká, ọ̀kan nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó tẹ ẹ̀rọ. Bébà jáde, òkè sì wà níbẹ̀. Kò ga o. Kò ju ilé kékeré kan lórí bébà lọ. Ṣùgbọ́n ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti hàn, kò sì sí ohun tí kò jọ òkè nínú rẹ̀.

Ìyá Oníwáyà mú bírò pupa, ó kọ "Ẹ̀YÌN" gàdàgbà sórí bébà náà. Kò ránṣẹ́ sí Dókítà Kíákíá. Ó gbé fóònù ara ògiri, ó pe Dókítà Àgbà, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́jú ọkàn, tí òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ kì í pè tààrà.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Dókítà Àgbà fi sọ̀ kalẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀ lórí irun. Dókítà Kíákíá tó ti gbọ́ ìròyìn sáré tẹ̀ lé e wọlé, bébà kìíní ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà Àgbà wo bébà kìíní, ó wo èkejì.

"Mẹ́fà ni ẹ̀rọ ń béèrè láyà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iṣan tó yí gba ẹ̀gbẹ́ òsì lọ sẹ́yìn ọkàn ló dí. Ìkọlù ọkàn rèé, ó ń lọ lọ́wọ́. Ẹ pe áńbúláǹsì. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé wáyà sẹ́yìn?"

"Èmi ni," ni ìyá wí.

"Irọ́ ni, Mà, èmi ni," ni ọmọ wí.

Dókítà Kíákíá sorí kodò. Ilẹ̀ ló ń wò.

Wọ́n fún aránṣọ náà ní oògùn jẹ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣí iṣan tó dí. Lójú ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ ṣàdédé dáwọ́ ìlù dúró, tó ń gbọ̀n lásán bí ewé. Nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ fi iná ẹ̀rọ ta á lẹ́ẹ̀mejì kó tó padà sípò. Ká ní inú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé ló wà lákòókò yẹn ńkọ́? Nígbà tí wọ́n fi okùn oníhò tín-ínrín gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé inú ọkàn, ibi tí bébà wí gan-an ni wọ́n ti bá ìdènà náà. Wọ́n ṣí i. Obìnrin náà yè.

Ẹ ó rò pé wọ́n á wá gbé ìyá àti ọmọ gun ẹṣin. Ó tì o. Ọjọ́ kẹta ni ìwé dé, irú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní wá-wí-tẹnu-ẹ. Wọ́n ní kí Ìyá Oníwáyà wá ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe àyẹ̀wò tí dókítà kò ní kó ṣe, àti ìdí tó fi jẹ́ kí ọmọ iléèwé já ìwé aláìsàn gbà lọ́wọ́ dókítà.

Akọ̀wé àgbà ọsibítù pe Ṣébẹ́ẹ̀ni sí kọ̀rọ̀. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ìwọ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré lò ń ṣe, pé o kàn méfò ni, o sì yọ màmá rẹ lẹ́nu títí ó fi ṣe é. Kí o tọrọ àforíjì. Wọ́n á ní ọmọdé ni, ọ̀rọ̀ á sì tán. Àbí o fẹ́ kí iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún bàjẹ́ torí tìẹ?"

Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó jókòó sídìí tábìlì nílé, ó sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ní kó kọ ọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó dé ibi tó ti kọ "mo kàn méfò ni," ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó méfò, a jẹ́ pé orí ló kó aránṣọ náà yọ, kì í ṣe ìmọ̀. A jẹ́ pé kò sí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀ fún dókítà kankan. Ẹlòmíràn tó bá tún wá pẹ̀lú òógùn tútù, oògùn inú ni wọ́n máa fún un. Ó ya ìwé náà sí wẹ́wẹ́, ó sì kọ òmíràn.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló dúró kà á níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà:

"Mo já bébà gbà lọ́wọ́ àgbà. Ìyẹn ò dáa, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ dókítà látọkànwá. Ṣùgbọ́n mi ò tọrọ àforíjì fún ohun tí mo sọ, torí òótọ́ ni. Mi ò méfò. Ìyá mi ló kọ́ mi, mo sì mọ ohun tí mo rí."

Alága ìgbìmọ̀ wú ikọ́. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá Oníwáyà, ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ yín sọ. Ẹ̀yin àgbà ni mo fẹ́ bi. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ṣé ẹ máa tún gbé wáyà sẹ́yìn láìjẹ́ pé dókítà ní kẹ́ ẹ gbé e?"

Gbogbo ẹni tó mọ Ìyá Oníwáyà ló mọ ìdáhùn rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà" ni. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń sọ ọ́. Ó dìde, ó tún ìró aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Lọ́la ti jìnnà jù, sà," ó wí. "Láàárọ̀ yìí, kí n tó wọlé wá bá yín, mo ti gbé e sẹ́yìn fún ẹni méjì."

Ẹnì kan dìde lẹ́yìn yàrá náà. Dókítà Kíákíá ni.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé ti ẹnì kejì sẹ́yìn. Èmi náà ni mo ṣi ti aránṣọ kà. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọ yìí gbé e síwájú fèrèsé fún mi, mo kọ̀, mi ò wò ó."

Ìgbìmọ̀ ò lè jẹ́ kó lọ lásán. Wọ́n ní kí Ìyá Oníwáyà lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fòfin de Ṣébẹ́ẹ̀ni pé kò gbọ́dọ̀ tún ẹsẹ̀ bọ yàrá ẹ̀rọ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, Dókítà Àgbà ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri yàrá ọ̀hún: aláìsàn èyíkéyìí tí ìlà iwájú rẹ̀ bá ti rì, ẹni tó ń ya ọkàn ni kó gbé wáyà sẹ́yìn, kó má dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìyá àti ọmọ ń lọ sílé láti ìpàdé ìgbìmọ̀, Ṣébẹ́ẹ̀ni béèrè pé, "Màámi, ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rù láìsọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún, ẹ̀rù náà ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Mo ní kí n bẹ̀rù kí n sì sọ̀rọ̀ wò." Ó dúró, ó na ìka sí ọmọ rẹ̀. "Má sì jẹ́ kórí rẹ wú o. Kì í ṣe ariwo rẹ ló gba obìnrin yẹn là. Irínwó bébà tí o jókòó wò ló gbà á là. Ẹni tí kò mọ nǹkan tó sì ń jágbe mọ́ àgbà, aláfojúdi lásán ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ kúnlẹ̀ kí àgbà, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ pé "ẹ jọ̀ọ́" kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ òótọ́ tó lè gba ẹ̀mí là, kó wá gbé e mì torí ojú àgbà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹ kẹ́kọ̀ọ́ títí ẹ ó fi mọ ohun tí ẹ ń sọ. Nígbà tí ẹ bá sì ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá ní kí ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má kúrò.